Àpò Ara Ògiri Màmá Àgbà

Kírà, kírà ni àlùmọ́gàjí ń ké lára ṣòkòtò kaki bàbá àgbà. Ìdí rẹ̀ ni Màmá Àgbà, ìyá tó bí ìyá mi, kọ́kọ́ gé sọnù. Wọ́n ní ibi tí bàbá àgbà fi jókòó níbi iṣẹ́ wọn ní wọ́ọ̀fù ní gbogbo ọjọ́ ayé wọn ti fẹ́lẹ́ jù, kò lè gbé nǹkan kan ró mọ́. Bàbá àgbà ti di olóògbé nígbà yẹn, wọn kò rí ọ̀rọ̀ náà fèsì.

Ọ̀sán Sátidé ni, nínú yàrá Màmá Àgbà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí mo ti wá lo ọlidé. Òórùn ẹja díndín láti ẹ̀yìnkùlé ń bá òórùn káfúrà inú àpótí aṣọ jà. Lójú títì, àwọn alábàárù ń pariwo kí wọ́n yà lọ́nà bí wọ́n ṣe ń ru ẹrù bọ̀ láti ọjà Òkè Àrin. Èmi jókòó sórí ẹní, mo ń tú ojú rírán kọ́tìnnì àtijọ́ kan.

Ọ̀rọ̀ agolo ló fà á. Inú agolo mílíkì ni Màmá Àgbà ń kó gbogbo nǹkan sí, agolo kan náà, àwọ̀ kan náà, wọ́n tò lọ bẹẹrẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní Sọ́ńdè tó ṣáájú, bàbá díákónì ṣọ́ọ̀ṣì wọn wá kí wọn, Màmá Àgbà sì gbé súwíìtì kalẹ̀ fún àlejò. Bàbá díákónì ju ọ̀kan sẹ́nu, wọ́n fajú ro.

"Màmá, súwíìtì yín yìí korò o."

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n tètè tu ú dànù, kò sí ohun tó ṣe wọ́n, àfi pé láti ọjọ́ náà lọ, omi nìkan ni bàbá díákónì ń gbà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí àǹtí mi, àkọ́bí Màmá Àgbà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Àǹtí ti dé láti Súrùlérè. Wọn ò tíì jókòó tí wọ́n fi ní, "Màmá, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ ò lè dá gbé mọ́. Tó bá di Sọ́ńdè, mo ń bọ̀ wá kó ẹrù yín."

"Ìyá Ìbejì, ta ni mo mọ̀ ní Súrùlérè?"

"Ẹ mọ èmi."

"Ìwọ tí o máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣé tẹlifíṣọ̀n rẹ ni màá máa kí?"

Àǹtí ò rẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà wá ní, "Ó dáa. Bí o bá dé lọ́jọ́ náà, tí mi ò mọ ibi tí nǹkan mi wà, màá bá ọ lọ."

Ìdí nìyẹn tí a fi ń gé ṣòkòtò olóògbé, láti fi rán àpò tí a máa gbé kọ́ ara ògiri, kí nǹkan kọ̀ọ̀kan lè ní àyè tirẹ̀. Màmá Àgbà kì í lo téèpù. Nǹkan tó máa wọ inú àpò gan-an ni wọ́n ń gbé lé aṣọ, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, wọ́n á fi ìbú ìka méjì kún un kí wọ́n tó gé e. Aṣọ àpò kọ̀ọ̀kan tún yàtọ̀: kaki fún kọ́kọ́rọ́, àrán fún oògùn, léèsì fún súwíìtì, kí ọwọ́ lè dá a mọ̀ láìsí ojú níbẹ̀. Kọ́tìnnì tí a ṣẹ́ po ni wọ́n ń rán gbogbo rẹ̀ mọ́, wọ́n sì ki igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ òkè rẹ̀ kó má bàa wọ́.

Wọ́n ní kí n rán àpò awò ojú. Èmi tí mo gbọ́n jù, mo wo ìbú ìka méjì yẹn, mo ní aṣọ ló ń ṣòfò. Mo gé e pẹ́kípẹ́kí mọ́ awò náà. Nígbà tí mo rán an tán, awò kọ̀, kò wọlé.

"Ọmọ ọlọ́gbọ́n," ni Màmá Àgbà wí, "ṣé awò mi ò gbọdọ̀ mí ni?"

"Ó máa wọlé tí a bá tì í dáadáa, Màmá."

"Ìwọ náà lọ ti ẹsẹ̀ rẹ bọ bàtà ọdún tó kọjá, kí n wò ó. Tú u jàre."

Mo tú u.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Àǹtí dé pẹ̀lú báàgì ńlá méjì tó ṣófo. Àpò tí a rán ti wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Màmá Àgbà jókòó, wọ́n na ìborùn wọn sí Àǹtí.

"Fi dì mí lójú. Máa bèèrè."

"Kọ́kọ́rọ́."

Ọwọ́ Màmá Àgbà lọ tààrà. Àǹtí pe abẹ́rẹ́, ó jáde. Wọ́n pe tọ́ọ̀ṣì, wọ́n pe awò ojú, gbogbo rẹ̀ jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Àǹtí wá ní,

"Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru."

Ìka Màmá Àgbà kan léèsì. Ìka náà kúrò níbẹ̀, ó kan àrán, ó dúró. Wọ́n yọ oògùn náà fún Àǹtí.

"Súwíìtì ńkọ́? Ṣé o ò ní jẹ?"

Àǹtí tú ìborùn náà, wọ́n ní, "Màmá, agídí yín ti pọ̀ jù."

"Ta lo rò pé o fi tìẹ jọ?"

Báàgì méjèèjì padà sí Súrùlérè lófìfo, inú yàrá yẹn náà sì ni Màmá Àgbà ti lo ìyókù ayé wọn.

Títí di òní, bí mo bá fẹ́ rán àpò, mo máa ń fi ìbú ìka méjì sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo mú lọ́dọ̀ wọn ju ìránṣọ lọ. Wọn ò bá Àǹtí jà, wọn ò sunkún, wọn ò pe ẹbí jọ. Wọ́n kàn ṣiṣẹ́ tiwọn, wọ́n ní kí ó wá wò ó. Àwọn ọmọ tèmi náà ti ń wo ara wọn lójú bí mo bá ń wá fóònù tó wà lọ́wọ́ mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí àgbà nínú wọn fi ohùn dídùn bi mí pé, "Mọ́mì, ẹ ò kúkú wá máa gbé lọ́dọ̀ wa?"

Mo ní kó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Mo ti ra òwú.