Ibi Tí Gbogbo Ọkọ̀ Ti Máa Ń Dákẹ́

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ẹnu iṣẹ́ gan-an ni mo dáyà já awakọ̀ mi.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ìlú Bohicon, èrò kún inú ọkọ̀ fọ́fọ́, mo sì ti fi fíìmù kan sí tẹlifísọ̀n tó wà lókè orí awakọ̀. Ìbọn ń ró nínú fíìmù náà láìsinmi. Lójijì, ọkọ̀ yà sí ẹ̀bá títì, ó sì dúró. Bàbá Ràfíù, awakọ̀ wa, bọ́ sílẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ àwọn táyà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ọkọ̀ po lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó padà wọlé, ó wo tẹlifísọ̀n, ó wá wò mí.

"Filomẹ́nì, ṣé táyà tó bẹ́ nìyẹn?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Ogun ni wọ́n ń jà níbẹ̀."

"Ogun! Ká ní ọkọ̀ àjàgbé wà lẹ́yìn wa ni, àwa náà ì bá ti bá ogun náà lọ."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo rò pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí mo gbà á.

Iṣẹ́ náà kò bọ́. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo fi ṣe é. Ọ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń pe irú wa, ìyẹn obìnrin tó ń tọ́jú èrò nínú ọkọ̀ ńlá láti Kútọnu dé Pàràkú. Èmi ni mò ń yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò, èmi ni mò ń pín omi, èmi ni mò ń mọ ẹni tí yóò bọ́ sílẹ̀ ní Paouignan àti ẹni tó ń sùn kọjá ilé rẹ̀. Èmi náà ni mò ń di làílọ́ọ̀nù mú fún ẹni tí èébì bá gbé. Wọ́n kọ́ mi ní gbogbo èyí. Fíìmù yíyàn nìkan ni ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì kò kọ́ mi. Bàbá Ràfíù ló kọ́ mi.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nípa rẹ̀ ni pé kò rí fíìmù kan ṣoṣo rí nínú ọkọ̀ yẹn. Èrò ni tẹlifísọ̀n kọjú sí, ojú tirẹ̀ sì wà lójú títì. Etí ló fi ń wò. Ọmọ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí tó ń gbé nítòsí ọjà Dassa ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá sọ ọ̀kan, ẹ ó rántí rẹ̀.

Ó sọ fún mi nígbà kan pé, "Má wo tẹlifísọ̀n. Èrò ni kí o máa gbọ́. Tí wọ́n bá ń pariwo, fíìmù náà dára díẹ̀. Tí wọ́n bá sùn, yọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dákẹ́ tí wọn kò sì sùn, tọ́jú fíìmù yẹn."

Ẹ̀kọ́ kejì, ìtìjú ló kọ́ mi. Mo ra àwo fíìmù kan ní ibùdókọ̀ Bohicon, n kò kọ́kọ́ wò ó nílé, mo kàn fi sí i. Kò pẹ́ tí ọkùnrin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì ìyàwó rẹ̀. Obìnrin kan àti ìyá ọkọ rẹ̀ ló jókòó síwájú. Ìyá ọkọ ń wo òrùlé ọkọ̀, ìyàwó ń wo bàtà rẹ̀. Nígbà tí mo wá bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa tẹlifísọ̀n tí n kò rí i, mo lọ dúró síwájú tẹlifísọ̀n, mo na apá mi méjèèjì bíi aṣọ́lé nínú eré bọ́ọ̀lù. Láti ọjọ́ náà, kí fíìmù kan tó wọ ọkọ̀ mi, mo máa ń bi ara mi: ṣé mo lè jókòó ti ìyá ọkọ mi wo èyí?

Nígbà tí àwọn onírìn-àjò Arigbo, ibi mímọ́ Màríà tó wà ní Dassa, bá ń bọ̀ ní oṣù kẹjọ láti wá gbàdúrà, mo máa ń pa tẹlifísọ̀n pátápátá, nítorí rósárì ni wọ́n ń kà láti Kútọnu. Èmi náà á máa bá wọn kà á, ọmọ ìjọ Kátólíìkì ni mí, ẹsẹ̀ òkè Dassa ni wọ́n bí mi sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń padà lọ, àwọn ìyá ìjọ yẹn kan náà ni yóò pè mí wúyẹ́wúyẹ́: "Filomẹ́nì, ṣé kò sí èyí tí wọ́n ti ń ja ìjà?"

Nísinsìnyí, orúnkún kò jẹ́ kí n lè dúró nínú ọkọ̀ mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní Dassa ni mo jókòó sí, àwọn ènìyàn ṣì ń wá bi mí ní fíìmù tí wọn yóò wò. Wọ́n mọ̀ pé èrò ń wo fíìmù lẹ́ẹ̀kan, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ. Èmi, mo ń wò ó ní àlọ, mo ń wò ó ní àbọ̀, fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Fíìmù púpọ̀ kì í kọjá ìrìn àjò kẹta. Ẹ ó ti mọ ibi tí olè fara pamọ́ sí, kò wá sí nǹkan kan mọ́. Èyí tí mo rí tó kọjá bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀kan dá lórí aránṣọ kan tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó fún ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ obìnrin tí aránṣọ náà fúnra rẹ̀ nífẹ̀ẹ́. Títí di òní, tí mo bá rántí bó ṣe ń mọ̀ọ́mọ̀ dín ṣòkòtò náà kù, ẹ̀rín á pa mí. Ẹ wá a, kí ẹ wò ó.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ràn jù ni fíìmù amọ̀kòkò. N kò mọ orúkọ rẹ̀; ìwé ara àwo náà ti bó nígbà tí mo rà á. Èdè tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀, n kò gbọ́ ọ, Faransé ni wọ́n kọ sísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò tiẹ̀ pọ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, obìnrin méjì, ń bá ìyá wọn mọ ìkòkò. Ìyá kú. Wọ́n jà lórí ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀, àbúrò bínú lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó, àbúrò ni mo sunkún fún. Nígbà tó di bí ẹ̀ẹ̀kẹwàá ni mo tó ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbọ́n kò gbé àpótí ìjókòó àbúrò kúrò nílẹ̀ rí. Tó bá ń gbálẹ̀, á gbá yí i ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo tún rí i pé ìkòkò tí ẹ̀gbọ́n ń mọ ti ń ní ọnà tí àbúrò máa ń fi sí ẹnu ìkòkò tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ nínú fíìmù náà. Wọ́n fi í síbẹ̀ fún ẹni tó bá padà wá ni. Mo máa ń ronú nípa ẹni tó ṣe fíìmù yẹn, mo sì máa ń kí i nínú ọkàn mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, bàbá àgbàlagbà kan wọlé ní Bohicon pẹ̀lú àpò gàrí kan. Dassa ni tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó dáadáa tó fi pè mí.

"Ọmọ mi, ṣé mo lè bá ọkọ̀ yìí dé Pàràkú?"

"Ẹ lè bá a dé ibẹ̀, Bàbá. Ṣé kì í ṣe Dassa lẹ ń lọ mọ́ ni?"

"Ẹsẹ̀ mi ló ń lọ sí Dassa. Ọkàn mi kò tíì gbà."

Díẹ̀díẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà ní Dassa, ara rẹ̀ kò yá. Ọdún méje ni wọn kò ti bá ara wọn sọ̀rọ̀, nítorí igi tíìkì tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé kó wá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní Pàràkú, ó sì rọrùn fún un láti lọ kí ọmọ ju kó lọ kan ilẹ̀kùn ẹ̀gbọ́n lọ.

Fíìmù amọ̀kòkò ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ọ́mọ̀ yàn án. Bàbá náà ń wò ó, kò ṣẹ́jú. A kọjá Paouignan, àwọn oníṣu àti olọ́sàn ń sáré tẹ̀lé fèrèsé wa, kò ra nǹkan kan. Nínú fíìmù, àbúrò ti padà dé, ìkòkò ńlá wà lórí rẹ̀, ó dúró síwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. Ibẹ̀ gan-an ni tẹlifísọ̀n ṣókùnkùn.

Ariwo ta. Mo fa wáyà, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo fi ọwọ́ gbá a. Ó ti kú.

"Filomẹ́nì," Bàbá Ràfíù ké láti ibi tó ti ń wakọ̀, "ẹnu rẹ kò kú, àbí? Sọ ìyókù! Èmi náà kò mọ ìparí fíìmù yẹn rí. Wọn kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Mo kàn máa ń gbọ́ pé gbogbo yín dákẹ́ ni."

Mo dúró sí àárín ọkọ̀, mo di àga méjì mú. Mo sọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe wà nínú ilé tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn kò jẹ́ kí n parí.

"Àbúrò kúnlẹ̀, àbí? Òun ló yẹ kó kúnlẹ̀!"

"Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́!"

Bàbá àgbàlagbà náà wá bi mí ní ohùn jẹ́jẹ́ pé, "Ta ló kọ́kọ́ bẹ ẹnì kejì?"

Mo mọ ìdí tó fi bèèrè. Ó wà ní ẹnu mi láti sọ pé àbúrò ló kúnlẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ẹ̀gbọ́n sì dárí jì í. Ohun tí wọ́n kọ́ gbogbo wa nílé nìyẹn, gbogbo ọkọ̀ ni ì bá sì pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù náà, mo sì ti wò ó tó ẹni tí kò yẹ kó parọ́ mọ́ ọn.

"Kò sẹ́ni tó bẹ ẹnì kan, Bàbá. Ẹ̀gbọ́n ṣílẹ̀kùn. Ó rí ẹrù lórí àbúrò rẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó parí."

Obìnrin ẹ̀yìn nìkan ló pòṣé.

"Bó ṣe parí nìyẹn?" Bàbá Ràfíù bèèrè.

"Bó ṣe parí nìyẹn."

"Háà," ni ó wí, ó sì wakọ̀ títí àwọn òkè Dassa fi yọ.

Nígbà tí ọkọ̀ dúró, bàbá náà kò dìde. Mo lọ bá a.

"Dassa rèé, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ ènìyàn," ó wí.

"Ẹ̀yin náà ńkọ́?"

"Èmi? Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é." Ó di ọ̀pá àga iwájú mú, ó dìde. "Bá mi gbé gàrí mi."

Mo gbé e dé ilẹ̀, mo pe ọlọ́kadà kan fún un, wọ́n lọ. Mi ò sùn dáadáa lọ́jọ́ náà. Fíìmù kì í ṣe ayé, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ̀gbọ́n náà bá lé e ńkọ́? Tó bá ti kú kó tó dé ńkọ́? Èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi tì í jáde nínú ọkọ̀.

Ó tó oṣù méjì kí n tó tún rí i. Ọkọ̀ wa ń padà lọ sí Kútọnu, a dúró ní Dassa, ó sì wọlé. Ọkùnrin mìíràn wà níwájú rẹ̀, ó gbẹ, ó ń fi ọ̀pá tilẹ̀. Àríyànjiyàn ni wọ́n ń ṣe bọ̀, lórí ẹni tí yóò jókòó ti fèrèsé.

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyí," ó wí fún mi. "Mò ń mú un lọ rí dókítà. Ṣé wọ́n ti tún tẹlifísọ̀n yẹn ṣe?"

Wọ́n ti tún un ṣe. Mo fi fíìmù amọ̀kòkò sí i. Kí a tó dé Paouignan, ẹ̀gbọ́n ti sùn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Àbúrò wò ó dé ìparí. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn, mo wo ojú rẹ̀ dípò tẹlifísọ̀n. Ó fi ọwọ́ pè mí.

"Ọmọ mi, o kò sọ gbogbo rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà."

"Kí ni mo fò, Bàbá?"

"O ní ó ṣílẹ̀kùn. O kò sọ bí obìnrin yẹn ṣe dúró pẹ́ tó níta pẹ̀lú ẹrù, tí ó ń wo ilẹ̀kùn tí kò lè kàn án." Ó nu ojú rẹ̀. "Èmi náà dúró pẹ́. Mo rò pé èmi nìkan ni irú rẹ̀ ṣe rí."

Kò sí bí mo ṣe lè fi ẹnu sọ ìdúró yẹn. Àfi kí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Ó fa aṣọ bo èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Tí a bá ń padà bọ̀," ó wí, "tún fi í sí i. Tó bá sùn, jí i fún mi."