Ọjọ́ Tí Mo Tako Ìyá Mi Nítorí Igbó Ìlú

Igbó kan wà lẹ́yìn abúlé wa, nítòsí Ifọ̀, tí kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Àwọn baba wa ló fi lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá oko síbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ lé ẹlòmíì jáde níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣẹ́gi, kó ṣẹ́gi; ẹni tó fẹ́ ṣa ìgbín, kó ṣa ìgbín. Ìyá mi ní tirẹ̀, ewé ló máa ń já, ewé eéran tí àwọn ẹlẹ́kọ fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Iṣẹ́ yẹn ló fi rán mi níléèwé títí mo fi di tíṣà.

Nígbà tí Mowé àti Ìbafò kún tán, àwọn tó ń wá ilẹ̀ yíjú sí wa. Ilé iṣẹ́ kan ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ ra igbó náà, kí àwọn gé e sí púlọ́ọ̀tì. Baálẹ̀ pe ìpàdé.

Ìyá mi, tí kì í sábà sọ̀rọ̀ láwùjọ, dìde. Ó ní, "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹni tó ta oko bàbá rẹ̀, tirẹ̀ ló tà. Èyí tó jẹ́ ti gbogbo wa ńkọ́, ta ló máa tà á? Àwọn ọmọ tá ò tíì bí, ṣé wọ́n ti bá wa dá sí i?"

Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní òjò ń pa àwọn ọmọ ní kíláàsì mi, pé a ò ní ilé ìwòsàn, pé títì wa ò ṣe é rìn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tún fi kún un pé, "Ẹ má bínú, Mọ̀ọ́mi, ìlú ò lè torí ewé yín dúró sójú kan." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ìyá mi jókòó.

Wọ́n tà á. Katapílà wó àwọn igi tá a bá láyé, wọ́n sì mọ ògiri yí ibẹ̀ ká. Wọ́n tún òrùlé iléèwé ṣe lóòótọ́. Títì ṣì wà bó ṣe wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gbé apẹ̀rẹ̀, ó forí lé géètì wọn, torí ewé díẹ̀ ṣì kù nínú lọ́hùn-ún. Ẹ̀ṣọ́ dá a padà. Nígbà tó délé, ó sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ò yé: "Ó ní ilẹ̀ onílẹ̀ ni."

Mo ra ewé fún un lọ́jà Ifọ̀ kó lè máa rí nǹkan tà. Ó dúpẹ́, ó kó wọn sí kọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbẹ. Kò bá mi jà rí. Ká ní ó tiẹ̀ bú mi ni, ara ì bá tù mí. Ọdún tó tẹ̀lé e ló kú.

Lóṣù tó kọjá, wọ́n tún pe ìpàdé, lórí ilẹ̀ etí odò tí òun náà jẹ́ ti gbogbo wa. Mo dìde, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tà á. Wọ́n fi sùúrù gbọ́ mi tán. Wọ́n sì tà á.