Orin Abẹ́ Fèrèsé

Bí wọ́n bá ti dárúkọ Bàbá Aago ní àdúgbò, ọ̀rọ̀ ọjọ́ tó gbé aago ara ògiri lọ bá àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà jà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ó há aago náà sí abíyá kan, aago onígi tó ní irin tó ń fì sọ́tùn-ún sósì, ó há láptọ́ọ̀pù sí abíyá kejì, ó sì wọ ilé ìtajà náà láìkí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti burú nìyẹn.

“Ọmọ mi,” ó sọ fún ọ̀dọ́bìnrin tó wà nídìí káńtà, “aago inú ẹ̀rọ tí ẹ tà fún ọmọ mi yìí ń sáré.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà wo ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ó wo fóònù ọwọ́ rẹ̀. “Bàbá, aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta ni àwọn méjèèjì wí.”

“Èyí tó ń fojú hàn kọ́ ni mò ń sọ. Èyí tó sá pamọ́ ni.”

Bàbá ṣí ètò ìkọrin tó wà nínú láptọ́ọ̀pù náà, ó tẹ bọ́tìnì kan, ìró kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ́, kọ́, kọ́, kọ́. Ìró yẹn ni ètò náà fi ń ka àkókò fún ẹni tó bá fẹ́ ta orin sínú rẹ̀. Bàbá yọ kàlẹ́ńdà ilé ìtajà kúrò lórí ìṣó, ó fi aago tirẹ̀ kọ́ ọ, ó ti irin rẹ̀ kó máa fì, ó wá ní kí gbogbo èèyàn dákẹ́. Gbogbo àwọn oníbàárà sì dákẹ́ lóòótọ́.

“Ẹ gbọ́ ọ báyìí? Kí tèmi tó dún lẹ́ẹ̀kan, tiyín ti dún lẹ́ẹ̀mejì. Ogójì ọdún ni mo fi tún aago ṣe, n ò rí èyí tó sáré tó báyìí rí.”

Ọ̀dọ́bìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé pé ọgọ́fà ni ètò náà máa ń kà ní ìṣẹ́jú kan, pé ẹni tó bá fẹ́ lè dín in kù.

“Ta ló ní kó máa ka ọgọ́fà?”

“Bó ṣe máa ń wá nìyẹn, Bàbá.”

“Ẹ wá ń ta nǹkan tí ara ẹ̀ ò balẹ̀ fún ọmọlọ́mọ?”

Ọ̀dọ́bìnrin náà pa ẹ̀rín mọ́ra, ó dín in kù sí ọgọ́ta. Kíá, aago ara ògiri àti kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í dún pọ̀, kọ́ kan, kọ́ kan. Bàbá dẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ́tí fún odidi ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ó já aago rẹ̀, ó dá kàlẹ́ńdà wọn padà sórí ìṣó, ó kó ẹrù rẹ̀. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú sí àwọn oníbàárà. “Ó ti dáa báyìí,” ó ní. “Wọn ò mọ̀ pé ó bàjẹ́ ni.” Títí tó fi kú ló ń sọ fún gbogbo ayé pé òun bá àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà tún kọ̀ǹpútà wọn ṣe.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó sá sẹ́yìn àwọn àpò láptọ́ọ̀pù lọ́jọ́ náà bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí, ló fa gbogbo rẹ̀. Orin tí wọ́n fi ń polówó ọjà lórí rédíò ni iṣẹ́ tirẹ̀, yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá rẹ̀ ló sì ti ń ṣe é. Òun ló ń kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń ta orin sínú kọ̀ǹpútà.

Ìdí tí atún-aago-ṣe ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin fi wá ń kọ́ irú iṣẹ́ yìí kò ju ọ̀rọ̀ eyín lọ. Nígbà èwe rẹ̀, bó bá ti ti ìsọ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, ó máa ń lọ dúró sábẹ́ fèrèsé obìnrin aránṣọ kan, á máa súfèé orin kan tó fi orí ara rẹ̀ ṣe. Bí aránṣọ bá gbọ́ ọ, á ṣí fèrèsé. Nígbà tí wọ́n fẹ́ra tán, ó yẹ kí orin náà parí, àmọ́ Bàbá kò jẹ́ kó parí. Kò sí ọjọ́ kan tó ti ibi iṣẹ́ dé tí kò kọ́kọ́ súfèé rẹ̀ lábẹ́ fèrèsé kó tó wọlé, wọn ì bá à tiẹ̀ máa jà.

Àfi ìgbà tí eyín iwájú méjì bọ́. Wọ́n ṣe òmíràn fún un, ìyẹn tún wá bà á jẹ́ pátápátá. Bó bá súfèé, afẹ́fẹ́ lásán ló ń jáde. Lẹ́yìn ìyẹn ni dókítà sọ fún un pé ọkàn rẹ̀ kì í lù déédéé mọ́.

“Ó ń sáré ni àbí ó ń fà sẹ́yìn?” Bàbá béèrè.

“Nígbà míì á sáré, Bàbá, nígbà míì á fà.”

“Á jẹ́ pé ìdọ̀tí ló wọ̀ ọ́.”

Dókítà rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, inú yàrá ẹ̀yìn ló gbà lọ, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. “Orin yẹn ò sí níbòmíì àfi nínú orí mi,” ó sọ fún ọmọ rẹ̀. “Mi ò fẹ́ kó bá mi lọ. Kọ́ mi ní nǹkan tí ò ní eyín.”

Ọmọ rẹ̀ gbé kíbọ́ọ̀dù kékeré kan wá, irú èyí tó dà bíi dùùrù tí wọ́n ń so mọ́ kọ̀ǹpútà. Bàbá ka àwọn kíì rẹ̀, dúdú àti funfun, ó jẹ́ márùndínlọ́gbọ̀n. “Èyí tiẹ̀ ní eyín ju èmi lọ,” ó ní, ó sì jókòó tì í.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ le. Ètò náà máa ń ka mẹ́rin kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba nǹkan sílẹ̀. Bàbá á bá a kà á sókè, “ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin,” á wá dúró, á máa wo ọmọ rẹ̀.

“Ẹ bẹ̀rẹ̀, Bàbá.”

“Ó ti kà tán?”

“Ó ti ń gbà á sílẹ̀ látàárọ̀!”

“Kó tún un kà. Mi ò tíì dáhùn.”

Nígbà tó rí i ta, ó ń fẹnu kọ ọ́ lọ, ó ń ki ara rẹ̀ láàárín, ó sì ń bú ìka rẹ̀ tó bá ṣìnà. Ọmọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì kí wọ́n gbọ́ ohun tó gbà. Ìró dùùrù nìkan ló jáde. Bàbá wá ohùn ara rẹ̀ títí, kò rí i.

“Mídì, èyí tí kọ̀ǹpútà fi ń gba orin láti orí kíbọ́ọ̀dù, kì í gbọ́ nǹkan kan, Bàbá,” ọmọ rẹ̀ ní. “Kíì tí ẹ tẹ̀, bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, àti ìgbà tí ẹ gbọ́wọ́ kúrò, ohun tó ń kọ sílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ẹ wò ó.” Ó fi àwọn igi wẹ́wẹ́ tó tò sójú kọ̀ǹpútà hàn án, ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìka kan.

“Adití ni?”

“Adití ni.”

Inú Bàbá dùn. Láti ọjọ́ náà ló ti ń bú kọ̀ǹpútà bó ṣe wù ú, kò fi bò mọ́.

Èyí tó tún kan ni pé bí wọ́n bá gba orin kékeré kan tán, ṣe ni ètò náà máa ń yí i po, tó bá dópin á tún bẹ̀rẹ̀. Bàbá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Bó bá yí i lẹ́ẹ̀kẹta, á pariwo mọ́ ọn, “Àní mo ti gbọ́!” Lọ́jọ́ kan tó tún ta òmíràn lé ti tẹ́lẹ̀ lórí láìmọ̀, tí méjèèjì ń dún pọ̀, ó bọ́ sí ìta láti wá ẹni tó ń bá òun ta á.

Ìgbà tó mọ̀ pé èèyàn lè fi ohùn mìíràn wọ ìka kan náà ni ilé dàrú. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi sọ orin abẹ́ fèrèsé di fèrè, ó sọ ọ́ di gìtá, ó sọ ọ́ di ẹgbẹ́ akọrin. Àárọ̀ ọjọ́ tó sọ ọ́ di kàkàkí, Màmá, aránṣọ ìjọ́sí náà, bọ́ síta láti ilé ìdáná pẹ̀lú ṣíbí lọ́wọ́.

“Kí ni àwọn ṣọ́jà ń wá nílé wa?”

“Èmi ni mo wá fẹ́ ọ,” Bàbá dáhùn láti inú yàrá.

“Bó bá jẹ́ pé báyìí lẹ ṣe wá ni, mi ì bá má ṣí fèrèsé.”

Màmá gan-an ni ìṣòro tó kù. Bí Bàbá bá ta orin náà dé òpin, òkè ló máa ń gbé e lọ. Màmá á sì ké láti ibikíbi tó bá wà pé, “Ìsàlẹ̀ ló ń lọ!”

“Èmi ni mo ni orin!” Bàbá á ní. “Òkè ni mò ń wò nígbà yẹn, fèrèsé ẹ wà lókè.”

“Ẹ̀yin lẹ ń súfèé, èmi ni mò ń gbọ́. Ẹ ti máa ń yí padà lọ sílé yín tó bá kan ibẹ̀. Ìsàlẹ̀ ni.”

Ọdún méjìléláàádọ́ta ni ìjà yìí ti wà nílẹ̀. Àwọn méjèèjì yarí, kò sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì.

Lọ́jọ́ kan ọmọ rẹ̀ rò pé òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́. Ìka Bàbá ti ń gbọ̀n, kò sì jẹ́ kí wọ́n fi ìró kọ́-kọ́ ti kọ̀ǹpútà ka àkókò fún òun mọ́, aago ara ògiri rẹ̀ ló gbé kọ́ sókè tábìlì. Nítorí náà àwọn igi wẹ́wẹ́ rẹ̀ kì í bọ́ sórí ìlà tí ètò náà fi ń pín àkókò. Ọmọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì kan, gbogbo wọn sì fò sórí ìlà, wọ́n tò gbọnrangandan. Orin náà dún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Bàbá gbọ́ ọ tán.

“Ta nìyẹn?”

“Ẹ̀yin ni, Bàbá. Mo kàn tò yín dáadáa ni.”

“Èmi kọ́. Ẹni yẹn ò mọ ìyá ẹ rí.” Ó fi ìka kan ojú kọ̀ǹpútà. “Níbí yìí, kí n tó tẹ ìkẹrin, mo máa ń dúró díẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń wò ó bóyá fèrèsé á ṣí. Ẹni tìrẹ yẹn ò dúró wo nǹkan kan, ó kàn ń kọjá lọ ni. Mú mi padà.”

Ọmọ rẹ̀ tẹ bọ́tìnì ìdápadà, àwọn igi wẹ́wẹ́ sì padà sí ìpò ségesège wọn. Bàbá mí kanlẹ̀. Ó ní ká ní irú bọ́tìnì yìí wà nínú iṣẹ́ aago ni, aago àlùfáà kan báyìí ò ní bàjẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọkàn rẹ̀ tí kì í lù déédéé dúró ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí àga tó wà nídìí fèrèsé. Àwọn tó wá kí wọn ń sunkún wọlé. Ẹnìkan á wá dárúkọ aago àti ilé ìtajà, wọ́n á sì máa rẹ́rìn-ín jáde. Ó dun ọmọ rẹ̀ pé òpin orin ò tíì rí ojútùú. Gbogbo ohun tí Bàbá fẹ́ ni kí orin náà má bá òun lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí ọmọ rẹ̀ tó lè ṣí láptọ́ọ̀pù. Màmá wá jókòó tì í. Àwọn orin kékeré tí Bàbá gbà sílẹ̀ tò lọ sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ tó fi ìka kan tẹ̀ fún un: “Kìíní.” “Èyí dára díẹ̀.” “Ẹ má gbọ́ èyí.” “Ìyàwó ń pariwo, ó bàjẹ́.” Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń jẹ́ “Tìẹ.”

Ọmọ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Orin abẹ́ fèrèsé bẹ̀rẹ̀, ó dúró díẹ̀ ṣáájú ìkẹrin, ó ń lọ. Nígbà tó dé òpin, ìsàlẹ̀ ló lọ. Bàbá ti gbà.

Omi ń bọ́ lójú Màmá, kò nù ún. Orin náà yí padà, ó tún dé òpin, ó tún lọ sísàlẹ̀.

“Bẹ́ẹ̀ kọ́,” Màmá ní.

“Màmá, bí ẹ ṣe ń sọ ọ́ náà nìyẹn.”

“Mo mọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe ń lọ. Òkè ló ń lọ.”

“Òkè? Láti ìgbà wo?”

“Láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí mo bá gbà, kí la ó wá máa jà sí?” Ó fi etí aṣọ nu imú. “Ṣé bàbá ẹ ya wèrè ni? Ta ló ní kó gbà?”

Ọmọ rẹ̀ ní òun lè fa àwọn igi wẹ́wẹ́ ìparí náà lọ sókè. Màmá kọ̀. Ó dìde, ó fi kọ́kọ́rọ́ yí aago ara ògiri tó ti dákẹ́ láti ọjọ́ tí kò ti sí ẹni tó ń yí i, ó sì ti irin rẹ̀ kó máa fì. Ó jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù tí kò fọwọ́ kàn rí. Ọmọ rẹ̀ fi kíì mẹ́rin hàn án, ó sì yọ ìparí ti Bàbá kúrò kí àyè lè wà. Màmá tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kíkankíkan bí ẹni ń tẹ aago ẹnu ọ̀nà. Èyí tó gbẹ̀yìn pẹ́ kó tó dé.

Ọmọ rẹ̀ wò ó bí àwọn igi náà ṣe wọ́, ti Bàbá ṣáájú, ti Màmá lẹ́yìn, tí ìkankan ò bọ́ sórí ìlà. Kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ: orin náà bẹ̀rẹ̀, ó dúró wo fèrèsé, ó ń lọ, ó sì gòkè. Ó yí padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, Màmá na ọwọ́ sí kọ̀ǹpútà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún.

“Àní mo ti gbọ́,” ó ní.

Ṣùgbọ́n kò ní kí wọ́n pa á.