Gàrí Nínú Rédíétọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì

Àwọn ará àdúgbò Lazaret máa ń sọ pé ojú ọ̀nà ni ọkọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì bàjẹ́ sí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀ṣẹ́nì fúnra rẹ̀ ló bà á jẹ́, ó sì mọ ohun tó ń ṣe.

Ọmọ Ìlọrin ni, ó ń wa takisí ní Niamey, olú ìlú Niger, nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba tí owó yùréníọ́mù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ sì gbòde. Àwọn ẹlòmíràn ń ra ọkọ̀ tuntun. Pijó ògbólógbòó ni tirẹ̀, òun náà ló sì ń bọ́ ilé.

Nígbà tí rédíétọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jo omi, Boubacar, mẹkáníìkì ní ọjà Katako, ní kí ó tú u sílẹ̀ kí òun fi iná jó ojú ihò rẹ̀ pa. Ọ̀ṣẹ́nì ò fẹ́ pàdánù iṣẹ́ òòjọ́. Ó da ẹ̀kúnwọ́ gàrí sí i. Gàrí wú, ó dí ihò náà.

“Gàrí ilé wa gbọ́n jù ẹ́ lọ,” ló wí fún Boubacar.

“Ó gbọ́n lóòótọ́. Kò kàn mọ ihò tó yẹ kó dí ni.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Zubaidat ìyàwó Ọ̀ṣẹ́nì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀. Ìyá Zubaidat wọkọ̀ tẹ̀ lé wọn, ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀ dání. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, sójà kan nawọ́ dá gbogbo ọkọ̀ dúró: àwọn ọ̀gá fẹ́ kọjá. Nínú ooru yẹn, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú Pijó.

Ọ̀ṣẹ́nì fi àkísà ṣí rédíétọ̀, omi gbígbóná sì bó o lápá. “Màmá, ẹ fún mi lómi yín.”

Ó dà á sí i. Omi ò wọlé. Ó tú padà sórí bàtà rẹ̀, tòun ti gàrí tó ti di ẹ̀bà.

“Ṣé ó gbà?”

“Kò gbà, Màmá.”

“Dákun, dúró kó tutù.”

Ọ̀ṣẹ́nì wo ẹ̀yìn. Zubaidat ò ké mọ́. Ìyẹn ló já a láyà jù. Bí sójà ṣe sọ ọwọ́ kalẹ̀, Ọ̀ṣẹ́nì tẹná mọ́ ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ń dún bí ẹni ń gún odó òfìfo.

“Ọ̀ṣẹ́nì, ọkọ̀ yìí ń kú lọ.”

“Ẹ jẹ́ ó kú. Ẹ di ọmọ yín mú.”

Ẹnu géètì ilé ìwòsàn ni Pijó kú sí. Kò tún ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé.

Kẹ̀kẹ́ ẹrù ni Ọ̀ṣẹ́nì ń tì ní Katako lẹ́yìn ìyẹn, ó sì máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù Boubacar kọjá. Boubacar ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

“Ọmọ ńkọ́?” ló máa ń bi í.

“Ó ti ń rìn. Zubaidat ló ń sáré tẹ̀ lé e kiri.”