Ilẹ̀ Àpáàdì Tí A Ń Fi Ìka Ro

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òkèrèwè, orúnkún mi kì í mọ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí ilẹ̀ àpáàdì tó wà lẹ́yìn ilé wa, èyí tí àwọn ará àtijọ́ fi àpáàdì ìkòkò tẹ́, ẹyọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, ní ìnàró. Ilé tí ilẹ̀ náà jẹ́ àgbàlá rẹ̀ ti wó tipẹ́, a ò mọ onílé. Síbẹ̀, ìyá bàbá mi, Àjíkẹ́, tí a ń pè ní Ìyá Àgbà, kì í jẹ́ kí koríko hù níbẹ̀. A ò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kàn án. Ìka la fi ń tu koríko, tí òórùn iṣu sísun á máa pè wá láti ilé ìdáná.

Lọ́jọ́ kan, Rábíátù àti Sùbúọlá, àwọn ọ̀rẹ́ mi, ń ṣeré ẹkùn-mẹ́ran lójúde, ẹsẹ̀ ń yún mi. Àdùkẹ́, ọmọ àbúrò bàbá mi, ń tu tirẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́. Láti Ẹdúnàbọ̀n ni wọ́n ti mú un wá kó lè lọ sílé ìwé. Ó ti fọ ìkòkò méjì, Ìyá Àgbà sì ti ní bó bá tún ba nǹkan kan jẹ́, ó di Ẹdúnàbọ̀n. Mo yọ́ mú ọkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo sọ ọ́ sílẹ̀, àpáàdì tú jáde bí eyín ọmọ ọdún méje.

Ìyá Àgbà dé, ó bèèrè ẹni tó ṣe é. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni. Àdùkẹ́ ń bẹ̀rù pàṣán fún mi, ló bá dáhùn pé:

“Èmi ni, Ìyá Àgbà.”

Ìyá Àgbà ní ká na ọwọ́ wa. Èékánná Àdùkẹ́ dúdú fún erùpẹ̀. Ìyá Àgbà wo tèmi títí.

“Ọwọ́ tìrẹ mọ́ jù.”

Mo jẹ pàṣán, mo sì fi ọjọ́ mẹ́rin to àpáàdì padà. Àdùkẹ́ bá mi tò ó, ẹnìkan ò bẹ̀ ẹ́. Ìyá Àgbà ò dárúkọ Ẹdúnàbọ̀n mọ́. Ọ̀dọ̀ wa ló ti ka ìwé mẹ́fà jáde, ibẹ̀ ló ti lọ ilé ọkọ ní Òkè-Ogbó.

Ní báyìí tí ọdún ẹgbàá ń wọlé bọ̀, wọ́n ti fi wáyà yí ilẹ̀ náà ká. Àwọn ọmọ ilé ìwé ń wọ bọ́ọ̀sì wá wò ó. Ó dára bẹ́ẹ̀. Nígbà tiwa, a ò mọ̀ pé nǹkan ìwòran ni, iṣẹ́ ilé la kà á sí. Àmọ́ bí nǹkan bá bàjẹ́ lóde òní, “kì í ṣe èmi” ni gbogbo ọmọ ń sọ.

Lẹ́yìn tí a sin Àdùkẹ́ lóṣù tó kọjá, mo mú Fúnkẹ́, àkọ́bí rẹ̀, lọ síbẹ̀. Ó bi mí irú ọmọ tí ìyá òun jẹ́. Mo sọ fún un pé ibí yìí ni ìyá rẹ̀ ti sọ pé “èmi ni,” nígbà tí kì í ṣe òun.