Ọ̀kẹ́rẹ́ Méjì Tí Kò Jọ Ẹnikẹ́ni

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé ọkọ mi ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo, ohun tí àwọn ará ilé ń retí lọ́dọ̀ mi ni pé kí n mọ ọjà á tà. Ìjẹ̀ṣà ni mí, gbogbo wọn sì gbà pé inú ọjà ni wọ́n ti ń bí wa. Mi ò mọ ọjà tà. Aṣọ ni mò ń rán, bí oníbàárà bá sì ti fajú ro díẹ̀, èmi ni mo máa bẹ̀ ẹ́ pé kó san iye tó bá wù ú. Ìyá ọkọ mi wá bi mí pé, kí wá ni wọ́n mọ ìdílé wa mọ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin máa ń pàlọ́, mà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ìyẹn náà dáa." Ohùn tó fi sọ ọ́ ni ohùn tí a fi ń kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi nínú ìdánwò.

Màmá àgbà la máa ń pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí. Àgbẹ̀ ni bíi gbogbo ará ìlú wa, ẹ̀gúsí sì wà lára ohun tó ń gbìn. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé, àwọn òbí wa á kó wa láti Iléṣà lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan kì í sì í lọ láìsí àlọ́. Àwọn òbí wa ní àṣà ló fi ń kọ́ wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igbá ẹ̀gúsí tí a ó bó máa ń wà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Màmá àgbà á jókòó sórí àpótí, á ní:

"Ṣé ọwọ́ ń lọ?"

"Ọwọ́ ń lọ!"

"Ẹnu náà ti gbéra."

Ibi tí ọwọ́ ọmọ kan bá ti dúró ni àlọ́ náà ti máa dúró. Ọba inú àlọ́ lè ti gbé idà sókè láti bẹ́ ọmọbìnrin kan lórí. Tí ẹnì kan nínú wa bá gbàgbé ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀, idà á wà lókè, ọmọbìnrin á wà lórí ìkúnlẹ̀, àwa tó kù á sì máa fi ìgúnpá gún ọ̀lẹ náà pé kó má ṣe pa ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀mí tí mo fi èékánná mi gbà là ní Ìmẹ̀sí kò níye.

Ó mọ iṣẹ́ náà púpọ̀. Tó bá ń sọ̀rọ̀ bí ọba, kì í pariwo. Ńṣe ló máa rẹ ohùn sílẹ̀ tí gbogbo wa á fi na ọrùn. Orin rẹ̀ kì í ṣòro, ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ti lè gbè é. Kó tó la ẹnu rárá, á ti wo ojú gbogbo wa yípo. Tí ọmọ kan bá ti yọ ẹran jẹ nínú ìkòkò ọbẹ̀ lọ́sàn-án, tó bá fi dìrọ̀lẹ́, olè kan á ti wọ inú àlọ́. Ṣùgbọ́n olè náà kì í jọ wá. Á ga, á ní irùngbọ̀n, á máa gbé Àkúrẹ́. A ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ẹ̀rín ẹni tó jẹ ẹran gan-an ló sì máa ń le jù.

Àwọn àgbà náà kì í fi í sílẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ kan bá wà tó ṣòro láti sọ fún àna, òun ni wọ́n máa rán. Tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnì kan, òun ló máa lọ jókòó tì í. Mo ti rí opó kan tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó tún ń nu ojú. Tí ìjà bá sì wọ ilé kan, tí pásítọ̀ ti gbàdúrà, tí baálé ti halẹ̀, tí kò yanjú, wọ́n á ránṣẹ́ pè é.

Mo fojú mi rí ọ̀kan nínú ìjà bẹ́ẹ̀: ti bàbá mi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Igi obì kan lẹ́yìn ilé bàbá wọn ló dá a sílẹ̀. Bàbá mi ní òun ni àgbà, òun ló ni ín. Àbúrò rẹ̀ ní òun lòun ń ro abẹ́ rẹ̀. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Obì gbó, ó já, ó rà, kò sẹ́ni tó lè ṣà á lójú ẹnì kejì.

Màmá àgbà pe àwọn méjèèjì wá jẹun lọ́jọ́ Àìkú kan, àtàwa ìyàwó àtọmọ. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ọ̀sán gangan ni, àgbà kì í sì í pàlọ́ lọ́sàn-án, ni òun bá ní òun ò pàlọ́, ohun tí òun rí lóko lòun ń ròyìn.

Ó ní ọ̀kẹ́rẹ́ méjì wà lórí ọ̀pẹ kan. Ọ̀kan ń wúkọ́ ṣáá. Ó ní òun lòun kọ́kọ́ gun ọ̀pẹ náà. Èkejì kì í yé tún irun ìrù rẹ̀ ṣe. Ó ní òun lòun ń lé ẹyẹ kúrò lórí rẹ̀. Ẹyìn pọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ara wọn. Ẹni tó bá na ọwọ́, èkejì á gé e jẹ. Wọn ò jẹun, wọn ò sùn. Ẹyìn ń já bọ́, òkété ń sanra nísàlẹ̀. Nígbà tó yá, òkété gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni parí ìjà yìí fún yín o."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ń lu itan. Kí a tó dìde níbẹ̀, wọ́n ti bọ ara wọn lọ́wọ́.

Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà sí Iléṣà, bàbá mi kọjú sí màmá mi, ó ní, "Ṣé o gbọ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe bá ọkùnrin yẹn wí? Lójú ìyàwó ẹ̀! Àánú ẹ̀ tiẹ̀ ṣe mí." Ìyàwó àbúrò rẹ̀ náà wá sọ fún wa nígbà tó yá pé ohun tí ọkọ òun sọ lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an nìyẹn: pé àánú bàbá mi ṣe òun, pé kí wọ́n fi odindi àgbà wé ọ̀kẹ́rẹ́. Báyìí ni àánú ṣe parí ìjà tí àdúrà kò rí parí. Látìgbà náà ni wọ́n ti jọ ń ṣa obì náà.

Mo rò pé mo ti mọ àṣírí iṣẹ́ náà: wá ẹranko méjì, jẹ́ kí wọ́n jà, jẹ́ kí ẹ̀kẹta jèrè. Ọgbọ́n tí mo gbé wọ Òṣogbo nìyẹn.

Ní ilé ọkọ mi, mo bá ìyálé méjì, ìyàwó àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Ìyálé àgbà ń pa aṣọ láró. Èkejì ń ta èlùbọ́. Lọ́jọ́ kan, ewúrẹ́ ìyálé àgbà jẹ gbodo èlùbọ́ tí èkejì sá sí àgbàlá tán. Ní ọjọ́ kejì, ẹnì kan da omi ọṣẹ sínú ìkòkò aró. Kò sẹ́ni tó rí ẹni tó dà á. Bí wọn ò ṣe bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn, àfi ewúrẹ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. "Ewúrẹ́, o ò lójútì, o jọ ẹni tó ni ẹ́." "Ewúrẹ́, má dá wọn lóhùn, ó kéré tán ìwọ kì í ṣe ìkà."

Mo fara dà á fún ìgbà díẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìrun Alásárì, gbogbo ilé wà ní àgbàlá, ìyá ọkọ mi ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní mo ní ìtàn kékeré kan.

Mo mú pẹ́pẹ́yẹ, mo mú adìẹ. Mo fún pẹ́pẹ́yẹ ní ẹsẹ̀ tó dúdú bí aró. Adìẹ, mo jẹ́ kó máa búra "wọ́lláhi" kó tó sọ ohunkóhun, bí ìyálé mi kejì ṣe máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mọ́ mi lẹ́nu. Mo tiẹ̀ dìde, mo rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ tí orúnkún ń dùn. Ìyálé mi àgbà ní orúnkún tó ń dùn ún.

Ìyá ọkọ mi pàtẹ́wọ́. "Háà! Mo mọ pẹ́pẹ́yẹ yìí! Ilé yìí ló ń gbé!"

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ ìyálé mi àgbà.

Ìyálé àgbà ní, "Ìyàwó, ìrìn ta lò ń rìn yẹn?"

"Ìrìn pẹ́pẹ́yẹ ni, mà."

Èkejì fò dìde. "Wọ́lláhi..." Ó bu ètè jẹ, ṣùgbọ́n ó ti bọ́. Ẹ̀rín sọ. Àwọn ọmọ ń yí nílẹ̀. Ni ìyálé kejì bá yíjú sí ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí, ó ní, "Ìyálé mi, ṣé ẹ ń gbọ́ bí ọmọ àná yìí ṣe ń fi wá ṣe ẹlẹ́yà?"

"Mo gbọ́. Jẹ́ ká wọlé."

Wọ́n jọ wọ yàrá ìyálé àgbà, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ìjà parí. Láti ọjọ́ náà, wọ́n jọ ń dáná, wọ́n jọ ń lọ ọjà, tí mo bá sì ń kọjá, wọ́n á tún kí ara wọn sókè dáadáa kí n lè gbọ́. Èmi, tí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn, "hùn" ni mo ń gbọ́. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tó jẹ́ olórí ilé ní kí Ọlọ́hun san mí lẹ́san rere, pé mo ti tún ilé ṣe. Ọkọ mi ní, "Ó kúkú ṣiṣẹ́."

Mo gba Ìmẹ̀sí lọ. Ojú màmá àgbà kò ríran dáadáa mọ́ nígbà náà, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ dá ṣáká. Ó gbọ́ ọ tán.

"O fún un lẹ́sẹ̀ aró?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O sì rìn bí i?"

"Díẹ̀ ni, mà."

Ó gbọ́wọ́ lérí. "Ọmọ mi, ìhòòhò lo tú wọn sí."

Ó dùn mí. Mo ní, "Ẹ̀yin náà kúkú fi bàbá mi wé ọ̀kẹ́rẹ́."

"Èwo nínú wọn?"

Mo tún ìtàn náà rò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ní òun lòun kọ́kọ́ gun ọ̀pẹ, ẹjọ́ bàbá mi ló ń rò, ṣùgbọ́n àbúrò bàbá mi ló ń wúkọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń tún irun ṣe bí bàbá mi, tí kì í rí dígí kó kọjá, ẹjọ́ àbúrò ló ń rò.

Ó ní, "Mo gbé ìwà tọ̀tún, mo gbé e fún tòsì. Ẹni tó bá fẹ́ sá, kó rí ọ̀nà sá."

"Ìdí nìyẹn tí wọn ò fi mọ̀ pé àwọn ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló ní wọn ò mọ̀? Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí bàbá rẹ fi padà wá, òun nìkan. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, 'Ẹ ṣeun tí ẹ bò mí láṣìírí.' Àbúrò ẹ̀ ti wá ṣe tiẹ̀ kó tó dé."

"Ṣùgbọ́n nínú mọ́tò, ó sọ fún màmá mi pé..."

"Kí lo fẹ́ kó sọ fún ìyàwó ẹ̀?"

Bàbá mi ti kú kí n tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò lè bi í mọ́. Mo rántí omi tó ń bọ́ lójú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo sì ń rò ó bóyá ti ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀.

Mo ní, "Màmá, kí ni kí n wá ṣe?"

"Ṣé wọ́n ti rẹ́?"

"Wọ́n ti rẹ́."

"Iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ìwọ lo jẹ́ òkété wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé òkété tiẹ̀ jẹun."

Mo padà sí Òṣogbo. Kò pẹ́ sí i, mo ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́ kan, mo bá gbogbo ilé lórí ẹní ní àgbàlá. Ìyálé mi àgbà ló ń pàlọ́. Ó ní ẹyẹ kan wá láti orí òkè, ó balẹ̀ sétí odò, ó ní òun fẹ́ kọ́ ẹja bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Nígbàkígbà tí ẹyẹ náà bá fẹ́ sọ "ilé", "ulé" ló ń pè é, bí àwa Ìjẹ̀ṣà ṣe ń pè é. Ìyálé mi kejì ló ń dá orin, àwọn ọmọ ń gbè. Bí mo ṣe wọlé, orin náà dá, gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

Ara mi gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí. Bí mo bá ní kí n sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ìjà tuntun la fẹ́ jà. Mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo lu itan, mo rẹ́rìn-ín.

"Ìyálé mi, ẹyẹ yìí mà gọ̀ o! Ibo ló ti wá?"

Ó wò mí. Ó wo ìyálé mi kejì. Èkejì ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Ìyálé àgbà ní, "A ò mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà ibẹ̀ jìn." Ó fọwọ́ gbá ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. "Jókòó, ìyàwó. A ò tíì dé ibi tí ẹja ti dá a lóhùn."