Mùyìbátù Onílàálì àti Gọ́tà Tí Wọn Kò Bò

Ní àdúgbò wa ní Ṣakí, bí wọ́n bá ti ń múra yìgì, Mùyìbátù, ìyá Ọmọ́bọ́lá, ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń ránṣẹ́ sí. Òun ló ń lé làálì fún ìyàwó. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń ṣe é. Yóò ká ọ̀rá kékeré kan kí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, yóò rọ làálì pípò sínú rẹ̀, yóò wá máa tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ sí ọwọ́ ìyàwó: òdòdó, ewé, àti ìlà tó ń lọ́ bí ìtàkùn iṣu. Bó ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò máa sọ̀rọ̀ apanilẹ́rìn-ín, tí ìyàwó bá sì bú sẹ́rìn-ín, yóò ní, "Dákẹ́ jẹ́ẹ́, o fẹ́ ba òdòdó mi jẹ́."

Ní Sátidé kan, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ó wà nílé Sodiqat, ọmọ oníbúrẹ́dì, tí wọ́n máa so yìgì rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ó ti lé ọwọ́ òsì tán, ó sì rẹwà. Bó ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ni làálì tó pò tán. Ìyẹ̀fun làálì ṣì kù, ṣùgbọ́n kò sí ọsàn wẹ́wẹ́ tí yóò fi pò ó.

"Jókòó bẹ́ẹ̀, má fọwọ́ kan nǹkan kan," ló wí fún Sodiqat. Ó sọdá títì lọ ra ọsàn lọ́wọ́ obìnrin kan tó pàtẹ lódìkejì.

Ilé-iṣẹ́ kan ló ń ṣe títì náà lọ́wọ́. Wọ́n ti la gọ́tà sí etí rẹ̀, wọ́n sì fi ọmọrí kọnkéré bò ó kí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè máa rìn lórí rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n ṣí díẹ̀ nínú àwọn ọmọrí náà láti kó iyanrìn tó dí i. Wọn kò ta okùn yí i ká, wọn kò gbé igi dábùú ẹ̀. Páálí kan ṣoṣo ni afẹ́fẹ́ gbé bo ojú ihò kan.

Nígbà tí Mùyìbátù ń padà bọ̀, páálí yẹn ló tẹ̀. Kó tó pe Ọlọ́run, ó ti bá ara rẹ̀ nísàlẹ̀ gọ́tà, ọwọ́ ọ̀tún há sábẹ́ ara, ọsàn rẹ̀ sì ń yí lọ láàárín títì. Àwọn ọlọ́kadà ló fà á jáde. Nígbà tí wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀ ní ọsibítù, ọrùn ọwọ́ ti kán. Dókítà fi píópì dì í títí dé ìgúnpá, ó ní kò gbọ́dọ̀ fi ṣe ohunkóhun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá.

Ohun tó dùn ún jù ni Sodiqat. Wọ́n wá onílàálì mìíràn títí, wọn kò rí. Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ òsì ìyàwó kún fún òdòdó, ọwọ́ ọ̀tún mọ́ roro. Àwọn ará ilé ọkọ fi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń bi í bóyá owó ló tán.

Nígbà tí Mùyìbátù délé, àwọn èèyàn wá kí i. Gbogbo wọn ló ń sọ ohun kan náà: kádàrá ni, kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ràmọ́nì ọkọ rẹ̀, àgbẹ̀ tí kì í fẹ́ wàhálà, náà sọ bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́bọ́lá, gbà pé kádàrá ni."

"Bàbá Ọmọ́bọ́lá, mo gba kádàrá," ó dáhùn. "Gọ́tà ni mi ò gbà. Ṣé Ọlọ́run ló ṣí ọmọrí ẹ̀ ni?"

Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló fi ọ̀kadà gbé e lọ sọ́dọ̀ lọ́yà kan tó ń jẹ́ Ọpẹ́olúwa, obìnrin tí kò tíì ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà nítòsí kóòtù.

"Màmá, ẹ jókòó," ni lọ́yà wí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Ẹni tó bá ṣí ihò síbi tí aráàlú ń gbà kọjá, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí i pé ẹnì kankan kò kó sí i. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì fara pa, ẹ lè béèrè owó gbà-má-bìínú. Ẹ kó gbogbo ìwé ọsibítù pa mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín kọ orúkọ gbogbo ìyàwó tí ẹ ò lè lé làálì fún nítorí ọwọ́ yìí."

Ìyàwó mọ́kànlá ló dárúkọ. Lọ́yà kọ lẹ́tà sí ilé-iṣẹ́ náà. Èsì dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan: wọ́n bá a kẹ́dùn, ṣùgbọ́n nínú ìwé tí fọ́mánì wọn kọ, ọjọ́ Wẹ́sídeè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí gọ́tà. Wọ́n ní ibòmíràn ni màmá náà ti ṣubú.

"Mo ṣubú síbòmíràn!" Mùyìbátù pariwo. "Ṣé mo wá gbé ara mi síbẹ̀ ni?"

"A nílò ẹ̀rí," ni lọ́yà wí. "Obìnrin ọlọ́sàn yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ tó bímọ ní Irawo. Wọn ò mọ ọjọ́ tó máa dé."

"Ṣé ẹnikẹ́ni ya fọ́tò títì yẹn láàárín Sátidé yẹn sí Wẹ́sídeè?"

Mùyìbátù mọ ẹni tó ya fọ́tò lójú títì yẹn: ìyàwó tó ṣe yìgì lọ́jọ́ kejì. Láti ọjọ́ tó ti ṣubú, ọ̀nà ẹ̀yìn ló ń gbà kó má baà kan Sodiqat. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó fi ìbòrí bo píópì rẹ̀, ó lọ sílé ọkọ Sodiqat, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá tọrọ iná.

"Sodiqat, má bínú sí mi," ló bẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Ọmọ́bọ́lá, mo bínú o," ni Sodiqat wí. "Ọjọ́ méje ni mo fi bínú, mo rò pé ẹ kàn ṣubú lásán ni. Nígbà tí mo gbọ́ pé ọwọ́ yín kán, ojú wá ń tì mí. Èmi náà ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kí n má baà pàdé yín!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú Mùyìbátù. Sodiqat wá gbé fọ́tò ìyàwó jáde. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yà níwájú ilé àwọn òbí rẹ̀ ní àárọ̀ Sọ́ńdè, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Lẹ́yìn rẹ̀, gọ́tà là sílẹ̀ gbayawu, wọ́n to àwọn ọmọrí kọnkéré sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lọ́yà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ìlàjà, níbi tí wọ́n ti ń parí aáwọ̀ láì dé kóòtù. Ọjọ́ tí wọ́n pe tọ̀tún-tòsì síbẹ̀, èmi náà wà níbẹ̀, nítorí aládùúgbò ni wá. Obìnrin kan tó ti ṣe adájọ́ rí ni alága. Ẹnjiníà Ògúndèjì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, jókòó sí apá kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó wọ awò ojú. Ó wo fọ́tò náà, ó ní, "Ìgbàkúgbà ni wọ́n lè ya irú èyí. Ó lè jẹ́ lẹ́yìn oṣù kan."

Sodiqat dìde. "Ẹ̀yin sà, ẹ wo ọwọ́ mi nínú fọ́tò yẹn dáadáa. Ìyàwó wo ló máa lé làálì sọ́wọ́ kan ṣoṣo, tó sì máa dúró kí wọ́n yà á ní fọ́tò, bí kì í bá ṣe pé àìrí-bó-ṣe-máa-ṣe-é ni? Káàdì ìpè yìgì mi rèé, ọjọ́ Sọ́ńdè yẹn ló wà lórí ẹ̀. Gbogbo ará ilé ọkọ mi ṣì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní."

Alága fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n a rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín. Ògúndèjì gba fọ́tò náà padà, ó sún un mọ́ awò rẹ̀. Lójijì ló pariwo.

"Ta nìyí lẹ́yìn ìyàwó? Success nìyí!"

Success ni fọ́mánì tó kọ ìwé pé Wẹ́sídeè ni wọ́n ṣí gọ́tà. Òun ló dúró lẹ́bàá ihò yẹn nínú fọ́tò, ó wọ aṣọ ilé-iṣẹ́, abọ́ ìrẹsì ìyàwó wà lọ́wọ́ rẹ̀, eyín rẹ̀ funfun báláú. Ó jókòó sẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀ nínú yàrá náà. Ó tẹrí ba.

"Ẹ̀rù ló bà mí, sà," ló wí. "Mo rò pé ẹ máa lé mi dànù."

"Ìrẹsì yẹn dùn?" ni Mùyìbátù bi í.

"Ó dùn, mà."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, Ògúndèjì náà kò lè mú un mọ́ra. Kò jiyàn mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà san owó ọsibítù, ó sì san ohun tí Mùyìbátù pàdánù lórí àwọn ìyàwó mọ́kànlá. Mùyìbátù fúnra rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má lé Success, ṣùgbọ́n ó ní kí ó bo gbogbo gọ́tà yẹn kí Jímọ̀ tó dé, nítorí àwọn àgbàlagbà máa ń gba ibẹ̀ lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní Ọjọ́bọ̀, a rí Success tó ń gbé ọmọrí, tó ń làágùn, tó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá kọjá.

Ọwọ́ náà ti san, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó máa ń dùn ún nígbà ọyẹ́. Iṣẹ́ làálì rẹ̀ ń lọ. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni pé àwọn tó bá ṣubú lójú títì ti ń wá fọ̀rọ̀ lọ̀ ọ́. Yóò ní kí wọ́n ya fọ́tò ihò náà kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, yóò sì júwe ọ́fíìsì Ọpẹ́olúwa fún wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá kan wá láti Ipapo, ó ń tiro. Ó ní orí òrùlé lòun ti já bọ́.

"Ta ló ni òrùlé, Bàbá?"

"Èmi ni."

"Ta ló ni àkàbà?"

"Èmi náà ni."

Mùyìbátù wò ó títí. "Bàbá, ara yín lẹ máa kọ lẹ́tà sí o," ló wí, ó sì lọ bu oúnjẹ fún un.